Ilé Tó Ń Ṣíji Bo Ara Rẹ̀

Láti ìgbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ, sókè lóṣù Kẹrin ọdún 2024, láti nǹkan bí náírà 68 lórí yúníìtì kan sí náírà 225, ariwo àwọn yunifásítì kò tíì rọlẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ohun tí ẹnu kì í sábà bà ni ibi tí iná ọ̀hún ń gbà lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé tí à ń kọ́ lóde òní kò ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án bí ẹ̀rọ yẹn kò bá ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan sí Ilé-Ifẹ̀ tó jẹ́ pé ara ilé fúnra rẹ̀ ló ń lé ooru. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé àti olùṣètò ìlú láti Ísírẹ́lì, ló yà á. Ẹni tó bá ti dé Obafemi Awolowo University rí ti rí iṣẹ́ rẹ̀: àwọn ilé Humanities tó dà bíi pírámíìdì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tí ìsàlẹ̀ wọn há, tí òkè wọn fẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé fáàrí lásán ni. Ìṣirò oòrùn ni.

Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí dígírì méje ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, àtàrí ni oòrùn máa ń wà, tàbí kó yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin àti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án, yóò dúró lókè orí ẹni débi pé òjìji ènìyàn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kódà nínú oṣù Kejìlá, nígbà tó bá lọ sílẹ̀ jù lọ, ó ṣì ń ga tó dígírì 59 lọ́sàn-án. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ògiri kan bá ga ní mítà mẹ́ta, etí òrùlé tó yọ síta ní mítà 1.8 ti tó láti bo gbogbo ògiri náà mọ́ oòrùn ọ̀sán lọ́wọ́, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ.

Sharon kò dá iṣẹ́ yìí dá òrùlé nìkan. Àjà kọ̀ọ̀kan ló yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé yàrá òkè ni agboòrùn yàrá ìsàlẹ̀. Òjò tó ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀ pàápàá kì í tètè kan fèrèsé, nítorí náà kò pọn dandan kí wọ́n sáré pa á dé. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló le jù, nítorí ó máa ń rá wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kò sì sí etí òrùlé tó ká a lápá. Ohun tí àwọn ayàwòrán ilé ń ṣe sí ìyẹn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ojú ilé tó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú gba ìyà tó kù.

Atẹ́gùn wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Atẹ́gùn tó ń gba inú yàrá kọjá kì í dín iye dígírì tó wà lára tẹmómítà kù. Òógùn ara ló ń gbẹ, ara ẹni ló sì ń tù. Nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi bíi tiwa, òógùn kì í tètè gbẹ bí afẹ́fẹ́ kò bá rìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé náà fi ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí wọ́n gbé wọn lé òpó, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kò sì ní ògiri tó dí i pa. Ẹni tó bá gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán yóò ní láti fi nǹkan tẹ̀ ẹ́.

Níbo ni Sharon ti kọ́ ọgbọ́n yìí? Ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Jarosław, tó wà ní Póláǹdì báyìí. Ó lọ sí Palẹsítínì ní 1920, ó gbé ní Gan Shmuel, kibbutz kan (abúlé àjùmọ̀ní), ó sin oyin, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í sídìí ilé kíkọ́. Ní 1926 ó wọ Bauhaus ní Dessau, nílẹ̀ Jámánì, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Walter Gropius, ayàwòrán ilé, dá sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ Gunta Stölzl, olórí ẹ̀ka aṣọ híhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéyàwó náà kò pẹ́. Ní Dessau, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá lọ sílẹ̀ jù lọ nínú oṣù Kejìlá, kì í ga ju dígírì 15 lọ. Òtútù ni ọ̀tá; ògiri gíláàsì ni wọ́n fi ń pe oòrùn wọlé. Bí Sharon bá gbé ilé Dessau bó ṣe rí wá sí Ifẹ̀, ààrò ni ì bá kọ́.

Àmọ́ Palẹsítínì ló kọ́kọ́ padà sí, sí ìlú Tel Aviv, ní 1931. Ó kọ́ àwọn ilé òṣìṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n yí àgbàlá kan ká, tí atẹ́gùn òkun sì ń ráàyè wọlé. Ní 1948 ìjọba Ísírẹ́lì fi í ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ṣètò ìlú. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, iye àwọn Júù tó wà níbẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ètò tó gbé jáde ní 1951 la ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ìlú tuntun. Kò yẹ ká gbójú fo ohun kan: ní 1948 kan náà, nǹkan bí 700,000 ará Palẹsítínì pàdánù ilé wọn, lára ilẹ̀ wọn sì wà nínú èyí tí ètò náà pín.

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló pè é wá síbí. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1962, ó kó lọ sí Ifẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1967. Eldar, ọmọ Sharon, wà nídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Sharon kú ní 1984.

Ṣé agboolé Yorùbá ló wò kó tó ṣe é? Ó wu ènìyàn láti gbà bẹ́ẹ̀. Akódi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, etí òrùlé tó rọ̀ sílẹ̀ lórí òpó, àgbàlá láàárín: ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òpó àti àgbàlá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tel Aviv ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ó dà bíi pé àwọn bàbá wa àti Sharon gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ìdáhùn kan náà, nítorí pé oòrùn ló bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ kí yàrá dí pa. Ilé bíi ti Sharon ń fẹ́ kó ṣí. Wọn ò lè jọ gbé. Bí wọ́n bá fi pákó dí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan torí ẹ̀rọ, atẹ́gùn ti sọnù nìyẹn, iná sì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni pé yàrá kọ̀ǹpútà àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ kò lè ṣe kó má ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì olùkọ́ kan, tó ní fèrèsé síwájú àti sẹ́yìn? Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tún ra ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀, kí wọ́n yọ pákó yẹn lọ́sẹ̀ kan péré nínú oṣù Kẹta, kí wọ́n bi ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì iná oṣù náà.