Ọ̀nà Kan, Ọkọ̀ Kan: Bí Àmì Rélùwéè Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀mí Èrò

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, bí ọ̀nà bá dí ní Ọ̀rẹ̀ nígbà tí a ń lọ sílé, awakọ̀ wa a wá ibòmíràn gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Ibi tí irin bá gbà ni òun náà yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró lójijì. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni ó sì ń tẹ̀, irin lórí irin a sì máa yọ̀. Ọkọ̀ tí ó wúwo tí ó sì ń sáré lè rìn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ojú awakọ̀ nìkan ṣọ́ ẹ̀mí èrò.

Benin City tí a ń gbé yìí kò ní ojú irin. Èyí tí ó sún mọ́ wa ni ti Warri sí Itakpe, tí ó gba Agbor àti Uromi kọjá, tí ìjọba ṣí ní ọdún 2020. Èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901. Ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ nígbà náà, òun ni ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń lò. Kí ni kì í jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ forí sọ ara wọn?

Abala-abala ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pín ọ̀nà sí, òfin wọn sì ni pé abala kan kò gbọdọ̀ gba ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ojú irin kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹ̀rọ méjì tí wáyà so pọ̀ ni ó ń mú òfin yìí ṣẹ, ọ̀kan ní sítéṣàn ti ìhín, èkejì ní ti ọ̀hún. Ọ̀pá irin kékeré wà nínú wọn, ó dà bí àrokò. Bí a bá ti yọ ọ̀kan fún awakọ̀, ẹ̀rọ méjèèjì a tì pa, kò sí ẹni tí ó lè yọ òmíràn títí a ó fi dá ti àkọ́kọ́ padà. Awakọ̀ tí kò bá rí ọ̀pá yìí gbà kò gbọdọ̀ kúrò ní sítéṣàn.

Ọ̀fọ̀ ni ó sọ òfin abala di dandan. Ní Armagh, ní ilẹ̀ Ireland, wọn a kàn máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sáàárín ọkọ̀ kan àti èkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1889, ọkọ̀ kan tí ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ ṣeré kò lè gun òkè. Wọ́n tú apá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára ti iwájú, apá ẹ̀yìn yìí sì yí padà sísàlẹ̀, ó lọ kọlu ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ènìyàn 80 ni ó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àṣẹ de gbogbo rélùwéè.

Lóde òní, iná mànàmáná ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọn a rán iná díẹ̀ gba inú irin méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀, iná náà a gba ara ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjá, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ̀nà mọ́, àmì a sì di pupa. Pupa ni kí ọkọ̀ dúró. Àwọ̀ ìyeyè ni kí ó rọra, pupa ń bẹ níwájú. Àwọ̀ ewé ni pé ọ̀nà ṣí. Bí irin bá ṣẹ́, tàbí tí iná inú rẹ̀ kú, pupa náà ni yóò hàn. Níbi tí iyèméjì bá wà, dídúró ni.

Ṣùgbọ́n ibi kan ń bẹ tí gbogbo ọgbọ́n yìí kò lè ṣọ́ tán, èyí ni ibi tí títì ti gba orí irin kọjá. Níbẹ̀, àwa ni a ní láti dúró, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró dè wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ ojú irin pàdé ní irú ibẹ̀ ní agbègbè Ìkẹjà. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ni ó bá a lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìjọba Èkó ń kọ́ ojú irin Red Line, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2024, wọ́n mọ afárá sórí irin ní Yábàá, Òyìngbò, Mushin àti Ìkẹjà, kí mọ́tò lè gba òkè kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sílé fún ọdún, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti dábùú igi, tàbí tí ẹni tí ó mú àsíá pupa na ọwọ́, tí awakọ̀ yín sì fẹ́ já kọjá, ẹ má ṣe dákẹ́ nítorí ojú. Ẹ pariwo lé e lórí. Bí ó bá kọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kí àwọn tí ń retí wa nílé má ṣe retí wa tì.