Amọ̀ tí ó ń gba alumíníọ̀mù lọ́wọ́ jíjẹ

Ìyá tí ó ti ń lọ ata fún ogún ọdún mọ̀ pé ọlọ máa ń jẹ. Ọmọ ọlọ pàápàá ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ẹ̀rọ ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ń lo epo gasoil, písítọ̀n ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìrìn-àjò. Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nítorí pé ó fúyẹ́: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n irin. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù rọ̀, ooru iná sì ń mú kí ó rọ̀ sí i.

Òrùka irin kan yí orí písítọ̀n ká, nínú ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ fún un. Òun ni kì í jẹ́ kí agbára iná jò. Bí ó ti ń mì, ó ń jẹ ihò náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: ihò á fẹ̀, ọkọ̀ á máa rú èéfín, agbára rẹ̀ á dínkù.

Tẹ́lẹ̀, irin líle ni wọ́n máa ń rì mọ́ etí ihò náà. Ó le, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Toyota ní ilẹ̀ Jàpáànì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi fọ́nrán tínínrín tí ó le bí àwo amọ̀ sísun ṣe òrùka. Wọ́n da alumíníọ̀mù yíyọ́ lé e lórí, wọ́n sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọ àárín àwọn fọ́nrán náà. Bí koríko ti ń di ògiri mú, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán di alumíníọ̀mù mú. Ihò náà le, písítọ̀n sì fúyẹ́.

Síbẹ̀, líle nìkan kò tó. Ohun tí ó le jù lè ha ẹnìkejì rẹ̀. Bí èérún amọ̀ líle bá sì já kúrò nínú alumíníọ̀mù, yóò dà bí iyanrìn láàárín irin méjì: yóò ha tibí, yóò ha tọ̀hún. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kì í wo ẹyọ kan. Wọ́n ń wọn bí àwọn méjèèjì ti ń jẹ.

Kò sì sí amọ̀ tí ó lè rọ́pò epo ẹ̀rọ. Epo ni ó ń ya irin méjì tí ń fi ara gbo ara nípa. Bí eruku ojú ọ̀nà bá wọ inú rẹ̀, epo náà yóò di ohun tí ń ha irin. Awakọ̀ tí ó ń pààrọ̀ epo lásìkò, tí ó sì ń tọ́jú asẹ́ afẹ́fẹ́, ń dá owó àtúnṣe ńlá dúró.