Ìjọba ní konílé ó gbélé, abẹ́rẹ́ ò sinmi

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ò lè tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, 30 oṣù kẹta, ọdún 2020. Aago mọ́kànlá lù báyìí, Èkó pa lọ́lọ́. Ààrẹ Buhari ti sọ ọ́ ní Sọ́ńdè tó ṣáájú pé kí onílé gbélé fún ọjọ́ 14 gbáko nítorí àrùn Kòrónà. Àbújá wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn tọrọ ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ra oúnjẹ sílé, tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 3 oṣù kẹrin. Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ 14 máa di ọ̀sẹ̀ márùn-ún?

Ẹni tó ń ta ata àti gàrí ṣì ráàyè mí díẹ̀, nítorí ìjọba fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà oúnjẹ. Ti aránṣọ ni kí ẹ gbọ́! Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú alárinrin, ta ló fẹ́ gbé aṣọ ẹbí wá? Ankárá tí wọ́n ti gé, tí wọn ò tíì rán, wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Lésì tí wọ́n ti gba àsansílẹ̀ lé lórí wà nínú láílọ́ọ̀nù. Oníbàárà ń pe fóònù pé ayẹyẹ ti yẹ̀, kí wọ́n dá owó òun padà. Owó wo? Owó tó ti di ìrẹsì àti ẹ̀wà! Onílé ò sì bi Kòrónà léèrè kó tó wá gba owó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọṣẹ́ tó yẹ kó gba fríídọ̀mù lẹ́yìn ọdún Àjíǹde kó tépù àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ lẹ̀rọ ìránṣọ ṣe di ará ilé. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí àti èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà kì í béèrè iná mànàmáná, áyọ́ọ̀nù eléèédú náà ò bèèrè. Nínú ilé alájọgbé, níbi tí yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ń gé, ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ wà ní títì ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ká etí aṣọ. Bàbá tí kò so bọ́tìnnì rí láyé rẹ̀ di ojú kan, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ tí òwú máa gbà kọjá. Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ gidi nìyàwó wọn ń ṣe.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe nítorí owó. Ìyàwó ilé tó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní pírámárì tún wá òwú wúlù jáde. Ó mú abẹ́rẹ́ tẹ́nu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó ń hun fìlà ọmọ tuntun, ó ń hun ìbòrí àga. Èyí tí kò bá mọ̀, ó wò ó lórí fóònù bí owó dátà bá wà. Ẹni tó ń ka ojú òwú, níbo ló ti fẹ́ ráàyè máa ka iye èèyàn tí rédíò ní àrùn mú lónìí? Ní àárín oṣù kẹrin yẹn, tí ariwo Awáwá àti One Million Boys gba Agége àti àwọn àdúgbò tó bá ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà, tí àwọn ọkùnrin ń sun táyà lójú títì láti ṣọ́ òru, oorun ò kun ẹnikẹ́ni. Ó sàn kéèyàn rí nǹkan fọwọ́ dì mú.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìbòmú wá dé nilẹ̀ yí padà. Ti ilé oògùn ti wọ́n gógó, àwọn nọ́ọ̀sì gan-an ń wá a. Nígbà tí ìjọba wá ní láti 4 oṣù karùn-ún, bí wọ́n ṣe ń tú okùn ìgbélé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láìbo imú àti ẹnu, ègé ankárá tí wọ́n ń gbá dànù di ọjà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rán an. Ègé méjì, ínṣì 10 ní gígùn, ínṣì 6 ní fífẹ̀. Wọ́n á dojú wọn kọra, wọ́n á rán etí rẹ̀, wọ́n á yí i síta, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta láàárín kó lè gba àgbọ̀n, wọ́n á wá fi rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Yáàdì kan lè mú bíi méjìlá jáde. Rọ́bà náà fò lówó lójijì, bẹ́ẹ̀ làwọn kan fi okùn aṣọ dípò rẹ̀, tí wọ́n ń so ó lẹ́yìn orí. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ: ₦100, ₦200 yẹn ló gbé ìkòkò kaná nínú ilé aránṣọ púpọ̀.

Àmọ́ àṣejù wọ̀ ọ́. Àwọn kan rán aṣọ ẹyọ kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 5 oṣù kẹfà ọdún yẹn sọ pé kó jẹ́ ìpele mẹ́ta. Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀bá títì. Oníbàárà á mú ìbòmú, á fi sẹ́nu, á wo dígí, á ní kò bá òun mu, á dá a padà sórí ìgbá. Ẹlòmíràn á tún gbé e, á fi sẹ́nu! Kí ni wọ́n wá ń sá fún?

Nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí 24 oṣù karùn-ún, Yídì wà ní títì l'Ékòó, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó tó mọ fáàrí ti rán ìbòmú tó bá gèlè àti bùbá wọn mu, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ya fọ́tò.

Fìlà wúlù ìgbà yẹn ti kéré fún orí àwọn ọmọ tí wọ́n hun ún fún. Àwọn kan lára àwọn ìyàwó ilé yẹn ò jáwọ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbowó aláboyún sílẹ̀ báyìí kí ọmọ tó dé. Ìbòmú tó kù nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́? Àwọn ìyá ti tú rọ́bà rẹ̀, wọ́n ti fi sí bàǹtẹ́ ṣòkòtò iléèwé ọmọ.