Ọ̀rá tó bo fọ́nrán ọpọlọ, àti àrùn Alzheimer

Ní 1901, ní Frankfurt, dókítà Alois Alzheimer ní kí Auguste Deter kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Obìnrin ẹni ọdún 51 náà kọ "Ìyáàfin", ó sì gbàgbé ìyókù. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí èròjà tí à ń pè ní amyloid tó ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó tún rí àwọn okùn tó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà, nǹkan méjèèjì yìí ni ojú gbogbo wà lára rẹ̀. Fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ni wò ó.

Bẹ́ẹ̀ kò kéré. Àwọn onímọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì ṣírò rẹ̀ ní 2003: tí a bá so fọ́nrán inú ọpọlọ ọkùnrin ẹni ogún ọdún pọ̀, ó tó 176,000 kìlómítà. Ti ẹni ọgọ́rin ọdún kò ju nǹkan bíi 97,000 lọ, arúgbó tí kò ṣarán rárá ni mo sì ń wí.

Myelin, ọ̀rá kan, ló wé mọ́ fọ́nrán wọ̀nyí bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Tó bá ti ń ṣí, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á máa falẹ̀ lọ́nà.

Èwo ló wá ṣáájú, amyloid ni àbí ìbàjẹ́ ọ̀rá? Ọ̀pọ̀ ló ti gbà pé amyloid ni. Ṣùgbọ́n ní 2023, ikọ̀ Klaus-Armin Nave ní Göttingen mú eku tí amyloid máa ń ṣù sí lọ́pọlọ, wọ́n mú kí myelin wọn lábùkù, amyloid náà sì yára pọ̀ sí i. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbá ọpọlọ mọ́: àwókù myelin ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n fi amyloid sílẹ̀. Lóòótọ́, eku kì í ṣe èèyàn.

Ní ti èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń ba fọ́nrán jẹ́, torí ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó ń bọ́ wọn jẹ́. Ibi tó bàjẹ́ máa ń funfun nínú àwòrán MRI. Nínú ìwádìí SPRINT MIND ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n fi oògùn mú òǹkà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wá sísàlẹ̀ 120, ti àwọn yòókù sísàlẹ̀ 140. Ibi funfun náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọlọ àwọn ti 120, àwọn tí ìrántí wọn ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn sì kéré sí i. Ní ti arán gan-an, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ó lè jẹ́ torí pé wọ́n ti dá ìtọ́jú náà dúró ṣáájú àkókò ní 2015, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti ń dáàbò bo ọkàn.