Ta Ni Yóò Ru Ewu Ọgbọ́n Tuntun?

Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ nǹkan ńlá kì í fẹ́ gbọ́ nípa ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí, ẹ̀bi wọn sì kọ́. Bí ọgbọ́n tuntun bá yọrí sí rere, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn ni yóò jàǹfààní jù; bó bá forí ṣánpọ́n, agbaṣẹ́ṣe ni gbèsè yóò já lé léjìká. BAA, iléeṣẹ́ tó ni pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, mọ èyí kí wọ́n tó kọ́ ilé èrò tí wọ́n ń pè ní Terminal 5. Wọ́n ṣèwádìí bí àwọn iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rí, wọ́n sì rí i pé bí àwọn náà bá tọ ọ̀nà yẹn, owó yóò fi bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lé, iṣẹ́ yóò pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní ọdún kan, èèyàn mẹ́fà sì lè kú sí i. Ni wọ́n bá yí àdéhùn padà. BAA gba ewu sọ́rùn ara rẹ̀, ó ń san iye tí agbaṣẹ́ṣe bá ná gan-an, ó sì ń fi èrè lé e.

Ẹ wo òrùlé ilé náà. Ìbú rẹ̀ tó mítà 156, kò sì sí òpó tó gbé e dúró láàárín. Kéréènì gíga kò ṣeé lò níbẹ̀ bó ṣe wuni, nítorí bàálù àti radar. Wọ́n wá pinnu láti to irin òrùlé náà nílẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí irin kankan tó dé Heathrow, wọ́n ti kọ́kọ́ to apá kan òrùlé náà ní Dalton, ní Yorkshire. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí kò tọ́, tí wọ́n sì tún un ṣe, níbi tí àṣìṣe kò ti lè dá iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró.

Àwọn kan á ní agbaṣẹ́ṣe tí kò ru ewu yóò di ọ̀lẹ. Ìdí nìyẹn tí BAA fi jẹ́ kí wọ́n pín nínú owó tí wọ́n bá dín kù. Àwọn mìíràn á ní ohun tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn ni kéèyàn rà, wọn a sì tọ́ka sí Denver ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa gbé ẹrù èrò ti ya báàgì níṣojú àwọn oníròyìn ní 1994. Àmọ́ àárín iṣẹ́ ni wọ́n há ẹ̀rọ yẹn mọ́ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ lọ, àkókò ìdánwò kò sì tó. Àìráyè yìí ló bà á jẹ́ ju jíjẹ́ tuntun rẹ̀ lọ.

Terminal 5 fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Bílíọ̀nù 4.3 pọ́n-ùn ni wọ́n fi parí rẹ̀, ó sì ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, 27 Oṣù Kẹta 2008. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ sí, kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí àwọn mìíràn wọlé, ẹrù sì ń gorí ẹrù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni kò lè gbéra. Ìdánrawò tó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni wọ́n ti gé kúrú, torí àwọn kọ́lékọ́lé kò tíì kúrò níbẹ̀. Wọ́n dán irin wò ju àwọn èèyàn lọ.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, síbẹ̀ ọ̀nà ojú irin Elizabeth, tó gba abẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ṣe irú àṣìṣe kan náà. Oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n ṣèlérí. Oṣù Karùn-ún 2022 ni èrò wọ ọ́. Oríṣi ètò ìdarí ọkọ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wọn, iṣẹ́ ìkọ́lé tó falẹ̀ sì ti jẹ àkókò ìdánwò wọn. Ó yẹ kí àdéhùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ya ọjọ́ ìdánwò sọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀, kí ọ̀gá kankan má sì láṣẹ láti fi dí ọjọ́ tí ìkọ́lé fi ṣòfò.