Kí Ọmọ Kòmu Má Ti Òkèèrè Gbọ́ Ìtàn Igbó Irúnmalẹ̀

Ọmọ tí a bí sí Kòmu, ní agbègbè Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ọdàn, kí ó tó rí àpáta, kí ó sì tó rí ọdẹ tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí ìwé kan bá wà láyé tí ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí olóògbé D. O. Fágúnwà kọ ni.

Olùkọ́ ni ó kọ ìwé yìí, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe gbàgbé. Láti ọdún 1930 títí di 1939 ni Fágúnwà fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí òun tìkara rẹ̀ ti kàwé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kéde ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, ó kọ ìtàn Àkàrà-Oògùn ránṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Láti Ọ̀yọ́ ni a ti ń gba Ìsẹ́yìn wọ Òkè-Ògùn. Ìwé náà kò ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa.

Ọmọ wo ni yóò gbọ́ pé ọdẹ kan dá wọ igbó tí iwin àti ẹbọra kún bámúbámú, tí kò ní sún mọ́ ẹni tí ń kà á? Agbákò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ọba rán àwọn akọni ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti wá ohun tí yóò mú kí ìlú tòrò, Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà nínú wọn fún agbára, Ìmọ̀dòye wà fún òye, Olóhùn-Iyọ̀ wà fún orin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá ìrìn náà rìn. Ìrágbèje sì wà lọ́hùn-ún, ẹni tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ọgbọ́n.

Àwọn òbí kan ń bẹ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ní ìtàn oògùn yóò ba ọmọ àwọn jẹ́. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n a rò pé wọn kò ka ìwé náà dé ìdí. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà. Oògùn pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ yìí débi pé òun ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, síbẹ̀ nígbà tí ó kan Agbákò, oògùn kò gbà á. Ó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín pé òbí kan náà lè ra Harry Potter, ìtàn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ oṣó, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1997, fún ọmọ rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Tomi Adeyemi, ọmọ tí àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà lọ bí sí Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Children of Blood and Bone jáde. Ìtàn idán ni. Èdè Yorùbá ni àwọn akọni inú rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀ wọn. Ìwé náà tà gan-an. Ọmọ Amẹ́ríkà ń fi ahọ́n rẹ̀ tọ́ Yorùbá wò nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tiwa ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e. Ó ní èdè abínibí ni ó fà á tí àwọn ọmọ fi ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. A kò gbà. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí a sì dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn, pàápàá nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 yangàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín iye ìwé Fágúnwà tí wọ́n rà fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Kòmu, ní Òtu àti ní Ìpàpó, ẹ kò ní láti dúró de Àbújá. Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní kíláàsì. Ìwé kan ṣoṣo tó fún ogójì ọmọ bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n kà sókè. Ẹ sì lè pe ọdẹ àgbà kan wá láti sọ èwo ni òótọ́ nínú ìwà ẹranko àti èwo ni Fágúnwà fi iyọ̀ sí.