Má Gbé Ẹsẹ̀, Wọ́ Ọ

“Dúró! Má gbé e kalẹ̀!”

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì wà lókè nígbà tí Àǹtí pariwo. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, mo wolẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ gan-an ni òròmọdìẹ kan jókòó sí, tó ń wò mí, tí kò tilẹ̀ mira.

Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí ní Mọ́níyà, n’Íbàdàn, la wà. Ilé adìẹ náà kò ju yàrá kékeré kan lọ: búlọ́ọ̀kù dé ìdajì, wáyà nẹ́ẹ̀tì lókè, páànù lórí. Òròmọdìẹ 35 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ọjọ́ 9.

Mo ti tẹ ọ̀kan pa rí nígbà èwe mi, mi ò sì tíì gbàgbé bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Èrò mi nígbà náà ni pé òròmọdìẹ á sá tó bá rí èèyàn, bí àgbà adìẹ ṣe ń sá. Kì í sá. Èyí tí ẹ̀rọ bá pa láti inú ẹyin kò mọ ìyá kankan. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá ni ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló sì máa ń sáré tẹ̀lé.

Kí á tó wọlé rárá, Àǹtí ti ní kí n bọ́ bàtà tí mo wọ̀ wá láti ìgboro. Àrùn lùkúlùkú máa ń bá bàtà àlejò wọlé adìẹ. Sílípáàsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí kì í kúrò níbẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi Izal. Àǹtí fúnra wọn ti ká ìró wọn dé orúnkún, torí ìró tó ń wọ́lẹ̀ máa ń gbá òròmọdìẹ lọ bí ìgbálẹ̀. Wọ́n wá rọra kan ilẹ̀kùn. Bí èèyàn bá já wọlé lójijì, ṣe ni gbogbo òròmọdìẹ á ya lọ sí igun kan, wọn á gorí ara wọn, tìsàlẹ̀ á sì kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí Àǹtí fi fi páálí dí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí inú ibẹ̀ fi rí róbótó.

Ìta ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Pákó kékeré kan dábùú ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn òròmọdìẹ sì ń gbìyànjú láti fò ó. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn!

“Má gbé ẹsẹ̀. Wọ́ ọ.”

Mo ń wọ́ ọ lórí èérún pákó bí arúgbó tó ń wá ọ̀nà lókùnkùn. Imú bàtà á kan ọ̀kan, á yẹ̀, á tún padà wá. Ojú ń tì mí díẹ̀, àmọ́ Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ògiri la gbà, torí òtútù àárọ̀ ti kó gbogbo wọn jọ yí ìkòkò èédú tó wà láàárín ká. Ọjọ́ tí ooru bá pọ̀, wọ́n á sá jìnnà sí i, wọ́n á máa lanu. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lèèyàn ò wá gbọdọ̀ gbà.

Mo nawọ́ látòkè láti mú ọ̀kan. Gbogbo wọn ké, wọ́n túká.

“Àṣá ló ń wá látòkè,” ni Àǹtí wí. “Lóṣòó, kí o tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀.”

Mo lóṣòó. Kò pẹ́, ọ̀kan gun àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Má fún un láyà o.”

Àyà adìẹ gbọ́dọ̀ ráyè gòkè sọ̀kalẹ̀ kó tó lè mí. Ọmọdé tó bá fi ìfẹ́ dì í mú ṣinṣin lè fún un pa, bẹ́ẹ̀ imú àti ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà tí a fẹ́ jáde, Àǹtí kà wọ́n. 34. Wọ́n tún un kà. 34. Mo fẹ́ yí padà kí n bá wọn wá a.

“Dúró!”

Ìkarùndínlógójì jókòó sẹ́yìn gìgísẹ̀ mi.